Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Gbé Lé Mùyìbátù Lórí

Ọkọ̀ wọn kò tíì dé Ìpàpó tí ẹ̀rù ti ba Mùyìbátù. Kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀nà tí kò dára, kì í sì í ṣe ẹ̀rù àwọn ajínigbé. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n.

Ó ti tọ̀ kó tó kúrò nílé. Ó tún tọ̀ ní gáréèjì Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó gbéra. Láti òwúrọ̀, omi tó mu kò kún ife kan. Síbẹ̀ nǹkan náà dé. Ó kọ́kọ́ ta á bí eèrà, lẹ́yìn náà ó fún un nísàlẹ̀ ikùn bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Ó fi itan méjèèjì há ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Igi emi kan, igi irú kan, igi emi méjì. Bí ó bá ka ogún, bóyá yóò kọjá.

Ọkùnrin tó jókòó tì í ń wo dáínámò tí Mùyìbátù fi àpò ìrẹsì wé sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ọkùnrin náà wí. "Dáínámò yín yìí ti jóná."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Imú mi ni. Fánníìṣì tí wọ́n fi ń bo wáyà, bó bá ti jóná, kì í lè fi ara pamọ́. Ẹ̀rọ ìlọta ni, àbí?"

Mùyìbátù kàn mi orí ni. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Òógùn ti bò ó níwájú orí, igi mẹ́rìnlá péré ló sì ti kà.

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di ìjókòó mú gírígírí, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Ó kígbe síwájú.

"Dírẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró! Inú ń run mí!"

"Ìsẹ́yìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò yìí? Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀wà ni o."

"Ẹ̀wà!" Ìyá kan láti ẹ̀yìn ló sọ bẹ́ẹ̀. "Dírẹ́fà, ẹ tètè dúró o, kó tó di ọ̀ràn gbogbo wa!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mùyìbátù ló jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, nítorí náà ó di dandan kó sọ̀ kalẹ̀ kí ọkùnrin náà lè kọjá. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó sáré gba ẹ̀yìn òkìtì ọ̀gán lọ.

Nígbà tó jáde, ó bá ọkùnrin náà lẹ́bàá ọ̀nà, tó fọwọ́ lé ikùn bí aláìsàn gidi.

"Ṣé inú yín ti rọ̀?" Mùyìbátù béèrè.

"Inú kankan ò run mí," ó fèsì ní jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí wọ́n má baà fura."

Ojú ti Mùyìbátù débi pé ẹkún fẹ́ bọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́fà tí nǹkan yìí ti ń ṣe é, kò sí ẹni tó tíì bá a gbé ìtìjú náà rí. Ó ní, "Omi ni mo mu jù." Irọ́ ni.

Ládòkun ni orúkọ ọkùnrin náà. Òun gan-an ni ẹni tí wọ́n júwe fún un ní Ṣakí, tó máa ń yí wáyà dáínámò tó bá jóná.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ládòkun tú dáínámò náà, ó fi wáyà bàbà tó ti dúdú hàn án. "Kí n tó gé e, mo gbọ́dọ̀ ka iye ìgbà tí wọ́n yí i. Bí mo bá yí i dín, yóò máa gbóná. Bí mo bá yí i lé, kò ní lágbára." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Samsudeen, ìyá Mùyìbátù, wò ó títí, ó ní, "Dáínámò yìí mà ń ṣàìsàn o, dókítà rẹ̀ kì í fi í sílẹ̀."

Oṣù kẹfà kò tíì parí tí Ládòkun fi pè é ní oríkì rẹ̀. "Àníkẹ́, mo fẹ́ fi ọ́ ṣe aya."

Inú Mùyìbátù dùn. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rù gba ipò ayọ̀ náà.

Ó ti mọ ilé ẹbí Ládòkun ní Ṣakí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lódìkejì àgbàlá, ó sì di dandan kí èèyàn gba iwájú yàrá Ìyá Muhydeen kọjá. Ìyá Muhydeen ni ẹ̀gbọ́n bàbá Ládòkun. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, òun ló ń pàṣẹ nínú ilé náà. Ìgbà mélòó ni ìyàwó tuntun lè gba iwájú obìnrin yẹn kọjá lójúmọ́ kó tó béèrè? Ìrun ńkọ́? Ìgbà mìíràn, Mùyìbátù á ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kí ìrun kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì fẹ́ so yìgì, tí Lèmọ́mù bá ń ṣe wáàsí lọ ràì, ta ni yóò jókòó?

"Má sọ fún un," ìyá rẹ̀ wí. "Wọn yóò wá ṣe ìwádìí ilé wa. Wọn yóò béèrè bóyá wèrè wà, bóyá wárápá wà, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìtọ̀. Ohun tí wọn ò bá béèrè, ṣé dandan ni kí a dáhùn rẹ̀?"

"Bí mo bá dé ọ̀hún tán ńkọ́?"

"Ìwọ dé ọ̀hún ná."

Mùyìbátù kò lè ṣe é. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó pa ẹ̀rọ ìlọta, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Ládòkun. Ó ń wo ilẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Ládòkun sún mọ́ ọn. "Ìgbà mélòó lójúmọ́?"

"Méjìdínlógún. Mo kà á."

"O kà á!" Ojú rẹ̀ tàn. "Ohun tí a bá ti lè kà, Àníkẹ́ mi, a ti rí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ búra fún mi, Bọ̀dá Ládòkun. Ẹ búra pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín."

Ó búra.

Ládòkun ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ṣakí, lọ́dọ̀ Dókítà Àpọ́nlé, obìnrin kan tí kì í kánjú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìtọ̀ ṣúgà ni, kì í ṣe òun. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ló wọ̀ ọ́ lára, kò sí. Wọ́n kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fún iṣan ìsàlẹ̀ mọ́ra, ó ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, ẹnu rẹ̀ gbẹ bí ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì lè yàgbẹ́ mọ́. Ó fi oògùn sílẹ̀.

"Nǹkan kan kù," Dókítà Àpọ́nlé wí. "Ìwádìí la ṣì ń ṣe lórí rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́. Àpòòtọ̀ yín kò ní àrùn. Bí ìtọ̀ bá ti kóra jọ díẹ̀, àpòòtọ̀ á ké sí ọpọlọ, ọpọlọ ló sì yẹ kó sọ fún un pé, 'Ní sùúrù, a ò tíì ráyè.' Tiyín ń ké jù, ọpọlọ kò sì tètè dá a lóhùn. A fẹ́ kọ́ ọpọlọ náà bí yóò ṣe máa dá a lóhùn."

"Báwo lẹ ó ṣe kọ́ ọ?"

"A ó gbé ẹ̀rọ lé orí yín."

Mùyìbátù fọwọ́ di gèlè rẹ̀ mú. Orí! Orí tí òun fi ń ṣòwò, tí òun fi ka Kùránì tán. "Bí wọ́n bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

Ládòkun ní kí dókítà jẹ́ kí òun wo ẹ̀rọ náà. Ó jẹ́ òrùka fífẹ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ bí awò ojú, tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ó gbé e wò, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bá ọmọ ìyá rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà.

"Àníkẹ́, wáyà bàbà tí wọ́n yí ló wà nínú èyí! Gbọ́. Iná kò ní kúrò nínú wáyà náà kó wá bá ọ. Bí iná bá ṣàdédé kọjá nínú wáyà tí a yí, agbára òòfà á jáde lára rẹ̀. Òòfà kò mọ rọ́bà, kò mọ eegun, yóò kọjá láìha ọ́ lára. Bó bá dé ibi tí ohun mìíràn wà tó lè gbé iná, á jí iná kékeré níbẹ̀. Bí tiransifọ́má àdúgbò yín ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, wáyà méjì tí kò fara kan ara wọn."

"Tiransifọ́má àdúgbò wa bú gbàmù lọ́dún tó kọjá," Mùyìbátù wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mùyìbátù kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó gbà. Ìgbà mẹ́wàá ni, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó gba yàrá kan sí ìtòsí ilé ìwòsàn náà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ṣí gèlè, ó yọ yẹtí. Wọ́n bi í bóyá wárápá ti gbé e rí, bóyá irin kankan wà nínú orí rẹ̀. Wọ́n fi òwú dí i létí. Dókítà gbé òrùka méjì náà lé e lórí, ó ń wá ibì kan pẹ̀lú sùúrù. Tá! Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì Mùyìbátù ta sókè fúnra rẹ̀.

Ó pariwo. "Èmi kọ́ ni mo gbé e!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Dókítà wí. "A kọ́kọ́ ń wá ibi tó ń darí àtàǹpàkò, ká lè mọ bí agbára òòfà yóò ṣe pọ̀ tó fún orí tiyín. A ti rí i. Ibi tó kan àpòòtọ̀ la fẹ́ lọ báyìí."

Tá. Tá. Tá. Ó ń dún lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ẹni ń fi oríkèé ìka kan èèyàn lórí, fún ogún ìṣẹ́jú. Ládòkun jókòó níwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù kò fi Mùyìbátù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló fi jókòó.

Àṣìṣe kan ni wọ́n ṣe. Wọn ò bìkítà fún ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn: ÌTỌ́JÚ ỌPỌLỌ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyá Muhydeen wá sí ilé ìwòsàn náà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti rán èèyàn sí Ìsẹ́yìn lọ ṣèwádìí, wọ́n ti mú ìròyìn rere wá. Ó rí Mùyìbátù tó jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, orí rẹ̀ ní gbangba, òwú létí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó rí Ládòkun tó dì í lápá mú. Kò kí wọn. Ó ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yí padà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ládòkun pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kò mú.

"Wọ́n ti gbọ́, Àníkẹ́. Wọ́n ní wèrè ni ọ́."

Mùyìbátù jókòó sílẹ̀. "Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní kì í ṣe wèrè. Wọ́n ní kí wá ni? Mo dákẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

"Mo ti búra fún ọ."

Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, láti fi òpin sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà. Ìyá Samsudeen wá láti Ìsẹ́yìn, ó sì bẹ ọmọ rẹ̀ títí. "Jẹ́ kó lọ. Bí o bá sọ ti ìtọ̀, gbogbo Ṣakí á gbọ́. Bí o bá sì dákẹ́, wèrè ni wọn ó máa pè ọ́. Èwo lo fẹ́ jẹ́ nínú méjèèjì?"

"Ládòkun ni mo fẹ́," Mùyìbátù wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú pé. Nínú pálọ̀ Ìyá Muhydeen, àwọn àgbàlagbà méjì nínú ẹbí jókòó sórí àga, Ládòkun wà lórí ẹní. Mùyìbátù kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"A kò bínú sí ọ," Ìyá Muhydeen wí. "Àìsàn kì í ṣe ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a ò lè fi ojú wa méjèèjì fẹ́ wèrè sílé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà. Kì í ṣe wèrè." Ó gbé ojú sókè. "Ìtọ̀ ni. Mi ò lè dá ìtọ̀ dúró. Bó bá ti gbọ̀n mí, ó ti gbọ̀n mí nìyẹn. Ìgbà méjìdínlógún ni mo ń tọ̀ lójúmọ́. Bọ̀dá Ládòkun mọ̀. Èmi ni mo ní kó má sọ."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà wúkọ́, ó wo òrùlé.

"Ìtọ̀?" Ìyá Muhydeen wí. "Ìtọ̀ lásán! Ìtọ̀ wà nísàlẹ̀, orí wà lókè. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun èèyàn, ṣé fìlà ni wọ́n fi ń dì í?"

Mùyìbátù ya ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti ta àpòòtọ̀ náà jí. Ó dìde láìtọrọ àyè, ó sáré. Gbogbo wọn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé òdìkejì àgbàlá. Nígbà tó padà dé, ó tún kúnlẹ̀ síbi tó ti dìde.

Ohùn Ìyá Muhydeen ti rọ̀ díẹ̀. "Mo ti gbà ọ́ gbọ́. Gbọ́ mi, ọmọ. Ẹni tó ń tọ̀, a lè mú un mọ́ra. Ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ọpọlọ rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá wá ṣèwádìí ilé wa lọ́la nítorí àwọn ọmọ rẹ, kí la ó sọ? Fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Bí o bá fi í sílẹ̀ lónìí, a ó mú ọjọ́ yìgì."

Ládòkun wo Mùyìbátù. Ìyá Samsudeen ń mi orí sí i láti ẹnu ilẹ̀kùn pé kó gbà. Ohun tó fẹ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀, ó ku kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mi ò lè fi í sílẹ̀, mà." Kò mọ ibi tí ohùn náà ti jáde. "Ó ku ìgbà márùn-ún. Bí mo bá fi í sílẹ̀, èmi ni n ó máa sáré gba iwájú yín kọjá títí n ó fi darúgbó. Ẹ bá mi lọ lọ́la. Ẹ wá fojú ara yín wo ohun tí wọ́n ń fi orí mi ṣe. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ṣì ní wèrè ni, n ó padà sí Ìsẹ́yìn."

"Ta lo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ̀rù yín sì ń bà mí gan-an."

Àgbàlagbà tó ń wo òrùlé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Muhydeen, ẹ lọ. Wèrè kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun."

Ìyá Muhydeen dé ṣáájú wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ládòkun ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ lé òun lórí. Tá! Àtàǹpàkò rẹ̀ ta sókè.

"Àjàní, ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e!" Ìyá Muhydeen fi oríkì pè é.

"Mo fi Ọlọ́run búra, Màmá, èmi kọ́."

"Irọ́ ni. Ẹ gbé e lé tèmi."

Dókítà bi í bóyá wárápá ti gbé e rí, bóyá irin wà lórí rẹ̀. "Irin wo? Àfi abẹ́rẹ́ tí mo fi gún gèlè." Ó yọ ọ́. Ó di ojú, ó ń ka Fátíhà. Dókítà wá ibẹ̀, ó wá a títí. Tá!

Àtàǹpàkò arúgbó náà fò lórí itan rẹ̀. Ìyá Muhydeen lanu. Ó gbé ọwọ́ náà sójú, ó wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ó jìnnà sí orí," ó wí níkẹyìn.

"Ó jìnnà, mà," Dókítà fèsì. "Àpòòtọ̀ náà jìnnà. Ọ̀dọ̀ ọpọlọ kan náà ni wọ́n ti ń gba àṣẹ."

"Orí tèmi náà ni ẹ gbé e lé yìí. Ṣé èmi náà ti ya wèrè?" Ó fi abẹ́rẹ́ dá gèlè rẹ̀ padà. "Àníkẹ́, wá jókòó kí wọ́n ṣe tìrẹ. Mo ń wò ọ́."

Ìgbà mẹ́wàá pé. Ìtọ̀ méjìdínlógún lójúmọ́ di mọ́kànlá. Dókítà Àpọ́nlé ṣàlàyé fún un pé ó lè má dúró bẹ́ẹ̀ títí, pé ó lè di dandan kí wọ́n tún un ṣe. Ìtọ̀ ṣì ń gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bó bá ti kìlọ̀, àyè díẹ̀ máa ń wà láàárín ìkìlọ̀ àti àṣẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin.

Ọjọ́ yìgì dé, òun àti Ládòkun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àgbàlá ní Ṣakí. Wáàsí Lèmọ́mù gùn. Ó ti sọ ti ẹ̀tọ́ ọkọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ti aya, nígbà tí nǹkan náà kìlọ̀ fún Mùyìbátù.

Ó wo àwọn èèyàn, wọ́n tó igba. Ládòkun rí i lójú rẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kó lè ríbi kọjá. Mùyìbátù dìde. Lèmọ́mù dákẹ́. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn.

Ìyá Muhydeen gbé ohùn sókè láti àárín àwọn obìnrin. "Lèmọ́mù, ẹ ní sùúrù fún wa díẹ̀. Ìyàwó wa fẹ́ lọ tọ̀ ni. Ó ń bọ̀."

Mùyìbátù kó etí ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Ó gba àárín wọn kọjá, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ̀rù ń bà á, kò sì sáré.